Ta Ló So Wá Pọ̀?

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ Micra Ìbàdàn yìí o! Lánàá, mo wọkọ̀ ní Dùgbẹ̀, Sángo ni mò ń lọ. Owó ọkọ̀, 250 náírà. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí mo ti na 500 sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣéńjì mi o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá. Ṣéńjì ń bẹ."

Irọ́ funfun báláú. A kọjá Mọ́kọ́lá, kò wí nǹkan kan. A dé Sángo, ó yọ 500 náírà kan ṣoṣo, ó gbé e lé mi lọ́wọ́: "Ẹ̀yin àti bàbá yẹn lẹ jọ ni ín." Bàbá wo? Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n rí! Kí n tó lanu, ọ̀gbẹ́ni ti tẹná mọ́ mọ́tò, ó ti lọ.

Bí èmi àti bàbá onífìlà ṣe dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nìyẹn, tí a jọ ń wo owó kan bí ẹni ń wo ogún. Bàbá ń kánjú, wọn ò sì fọkàn tán mi tó láti jẹ́ kí n gbé e lọ ṣẹ́ nìkan. (Mi ò bá wọn wí. Èmi náà ì bá má gbà.) Ẹlẹ́ran ò ní ṣéńjì. Onífóònù ò tiẹ̀ dá wa lóhùn. Nígbà tó yá, a ra gúgúrú tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀bẹ̀ fún nínú wa, kí ìyá onígúgúrú tó bá wa ṣẹ́ ẹ.

Gúgúrú ọ̀hún ò tiẹ̀ níyọ̀.