Ògiri Ló Kọ́kọ́ Lanu

"Ilé yìí kì í ṣe títà." Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé alájà kan tí mo rí lásìkò Kérésì tó kọjá, nígbà tí mo ń ti Kàbà bọ̀, tí a ti kọjá Mọ̀pà, tí a dorí kọ Ìsánlú. Mo ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ra ilé o. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, kí ẹ̀rín náà tó di ìbínú sí mi nínú. Ilé tí wọn ò fẹ́ tà yìí ò ní páànù lórí mọ́. Igi ọ̀dán ti hù lórí dẹ́kìn, gbòǹgbò rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ sára ògiri bí okùn. Kò sí fèrèsé, kò sí ilẹ̀kùn, wọ́n ti fa wáyà iná yọ kúrò nínú ògiri. Ta ló ní òun fẹ́ ra kí ni?

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò rí alángbá lára ògiri rí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo ẹni tí mo bi nípa ilé náà, alángbá ni wọ́n ń dárúkọ fún mi. Wọ́n ní olè ló jí páànù. Wọ́n ní ikán ló jẹ igi. Wọ́n ní òjò ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ ògiri.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀kún, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi tí a máa ń kí ara wa ní "Ọ̀kún o". Ayé owó epo ni wọ́n kọ́ ọ, ayé Údójì 1975 tí ìjọba fowó kún owó oṣù òṣìṣẹ́, tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì bá délé, tí yóò ní àfi kí òun náà gbé ilé alájà kalẹ̀ kí ará ìlú lè mọ̀ pé òun lọ àjò ire. Ọ̀kan wà nítòsí ilé wa tí mo mọ ìtàn rẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń lọ dúró sí géètì rẹ̀ lálẹ́ láti gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń pariwo. Bàbá tó kọ́ ọ ní ìyàwó mẹ́ta, ó bí ọmọ mọ́kànlá. Ìlọrin ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991, wọ́n kó lọ sí Lọ́kọ́jà. Nígbà tó yá, Àbújá fà wọ́n.

Bàbá kú, ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìdí igi ni kí wọ́n fi pín in, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, àwọn kan ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ìdí igi dára fún ìyàwó tó bí ọmọ kan, orí-ò-jorí dára fún èyí tó bí mẹ́fà, ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Ibi tí wọ́n ti ń fa èyí lọ́wọ́ ni atẹ́gùn ti ṣí páànù kan lẹ́yìn ilé. Ẹyọ kan péré. Ìyàwó kékeré ló kù tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, òun ló pe àkọ́bí lórí fóònù: "Ọ̀kún o, ọkọ mi. Páànù ẹ̀yìn ti ṣí o, òjò sì ti ń ṣú." Èsì tó gbọ́ ni, "Ẹ jẹ́ ká ṣèpàdé ẹbí ná, Ìyá." Wọ́n ṣèpàdé lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fowó ara rẹ̀ kan páànù, ṣé kò ní padà wá sọ pé òun lòun nilé? Ìṣó mélòó ni o, ẹ̀yin èèyàn mi?

Òjò ọdún kejì, sílíìnì já. Ikán ò fẹ́ràn igi gbígbẹ tí ẹsẹ̀ èèyàn ń rìn nídìí rẹ̀, igi tútù tó dá wà ló ń wá, ó sì rí i. Omi wá dúró sórí dẹ́kìn, ó wọ inú rẹ̀ lọ bá irin. Irin tó bá dípẹtà a máa wú, tó bá sì ti wú, kọnkéré tó bò ó yóò là. Ìyá náà kú. Ìgbà yẹn ni àwọn olè tó dé. Ẹ ò rí i pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé?

Ilé alámọ̀ tí ìyá ìyá mi gbé kò ní irin, kò ní sìmẹ́ńtì. Èéfín ààrò ló ń lé ikán lórí àjà, gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n sì ń po amọ̀ láti fi dí ibi tó bá sán. Kò sí ẹni tó ṣèpàdé kó tó po amọ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ dárí jì mí, mo fẹ́ bá àwọn àgbà jiyàn díẹ̀ níbí. Èyí tó tà á sàn! Ní àdúgbò wa, tíṣà kan ra ilé lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó tà á, a bú àwọn ọmọ náà títí ẹnu fi bó. Lónìí, aṣọ ń gbẹ lórí okùn níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń ké. Ọmọ tí kò tà, tí kò gbé e, tí kò fi háyà, orúkọ wo la máa pe òun? Àti pé ta ni kò kọ́ ọmọ? Bàbá tó kọ́ yàrá méjìlá, tí kò kọ ìwé ìhágún ojú kan, tí kì í mú ọmọ wálé àfi tí wọ́n bá ń sin òkú.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ni irú ilé yìí, mo mọ̀ pé ẹ ó dá mi lóhùn pé àwọn ajínigbé wà lọ́nà. Wọ́n wà, mi ò ní pè yín lójo. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kò ṣe é gbà wá kan páànù, ẹ gbà á wá náwó ìrántí bàbá lọ́dún méjì sẹ́yìn, mọ́tò yín kún àdúgbò. Aṣọ ẹbí ọjọ́ yẹn nìkan á kan òrùlé ilé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fèèyàn síbẹ̀! Tíṣà ń wá yàrá. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wá yàrá. Ẹ ní kí wọ́n má sanwó, kí wọ́n ṣáà máa gbálẹ̀, kí wọ́n máa kan ohun tó bá ṣí. Ẹ̀rù ń bà yín pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín? Ẹ kọ ìwé àdéhùn. Lọ́yà pọ̀ nínú yín.

Kí n tó wọ mọ́tò padà lọ́jọ́ náà, mo fọwọ́ kan ọ̀dà pupa yẹn. Ọ̀dà tuntun ni. Ẹnìkan gbé ike ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì láti ibi tó jìnnà, ó dé ibẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí ojú ọ̀run níbi tí sílíìnì wà tẹ́lẹ̀. Ó kọ ohun tó wá kọ, ó de ọ̀dà rẹ̀, ó sì yí mọ́tò padà.