Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Bàtà Síkúù Ọmọ

Ẹni tó bá dàgbà ní Abẹ́òkúta ò ní ṣàì gbọ́ ti ẹlẹ́wà Sàpọ́n. Kò sẹ́ni tó bá a láyé nínú wa, orúkọ rẹ̀ la bá lẹ́nu àgbà. Tó o bá ti ń náwó bí ẹni tó ní báńkì lẹ́yìnkùlé, kíá ni wọ́n á ti sọ ọ́ sí ọ létí: "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ o. Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n!" Ìyá mi pa òwe yìí fún mi débi pé mo gbà pé owó nìkan ló ń bá wí: bí àpò bá ṣe mọ, kí ìnáwó mọ bẹ́ẹ̀. Bàtà ọmọ ló là mí lójú pé mo ti ń gbọ́ òwe náà sódì.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọlé lọ́dún tó kọjá ni. Ọmọ mi kejì ń lọ sí Pírámárì 3, mo sì mú un lọ sọ́jà Kútọ̀. Olóbàtà fi nọ́ńbà 32 sí i lẹ́sẹ̀, bàtà aláwọ dúdú tó lókùn, ó bá a mu wẹ́kú. (Àfi bí ẹni pé eku inú òwe ló sá pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ yẹn.) Mo bèèrè iye. Ó ní ₦18,000. Mo mí kanlẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ náà wò. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ sọ dòfin ní oṣù keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gbà á, tó bí mẹ́ta, tó ra irú bàtà yẹn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ₦54,000 ti wọgbó. ₦16,000 ló kù fún gaàrí, owó ọkọ̀ àti ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni olóbàtà náà ò jẹ̀bi. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦470 nígbà náà ti kọjá ₦1,500 kí 2024 tó parí, ọ̀pọ̀ nínú gọ́ọ̀mù àti ìtẹ́lẹ̀ bàtà sì ń ti òkè òkun wá. Ṣùgbọ́n mímọ ìdí tí ọjà fi wọ́n ò bu nǹkan kan kúrò nínú owó rẹ̀.

Ni mo bá ṣe ohun tí ìyá mi ṣe fún mi, tí ìyá tirẹ̀ náà ṣe fún un. Mo ní, "Ẹ bá mi wá 34, kó lè lò ó di ọdún tó ń bọ̀."

Olóbàtà wojú mi, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ. "Mọ́mì, 34 á máa yọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ o."

Mo ní kó má ṣèyọnu, a ó ki fóòmù síwájú ẹ̀.

Fóòmù náà ò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi di pẹlẹbẹ bí àkàrà tí èèyàn jókòó lé. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bàtà nílẹ̀, pàkà-pàkà, bí ẹni tó wọ sálúbàtà bàbá rẹ̀. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ lé ròrò, ó bẹ́, ó di egbò. Nígbà tó yá, ó ń rìn bí adìẹ tó tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ló sọ fún mi pé kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré mọ́ tí wọ́n bá jáde ṣeré. Mo bi í léèrè kí ló dé tí kò sọ fún mi nílé. Ó dákẹ́, ó wolẹ̀. Ó wà ní Kútọ̀ níjọ́ tí mo mí kanlẹ̀, ó ti gbọ́ iye tí wọ́n ta bàtà náà.

Kí táàmù kejì tó parí, bàtà ti lanu. Mo gbé e lọ bá bàbá ṣúmékà tó máa ń jókòó sábẹ́ agboòrùn ní ìkòríta àdúgbò wa. Ó ti mú òòlu lọ́wọ́ kó tó tún gbé e kalẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọnú bàtà, ó ń fi ìka wá nǹkan kiri. Lẹ́yìn náà ló ká bàtà náà bí ìgbà tí èèyàn ká ìwé.

"Ẹ wá wò ó. Ibi tí ìka ẹsẹ̀ ọmọ yín ti ń ká nìyí." Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sí i. "Ibi tí wọ́n ṣe bàtà láti máa ká nìyí." Ó fa ìlà kejì síwájú, àlàfo ìka kan ló wà láàárín wọn. "Láti oṣù kẹsàn-án làwọn méjèèjì ti ń bára wọn fà á. Bàtà ló kọ́kọ́ kú."

Ó bá mi rán an, ₦1,500. Kò lo oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọmọ tèmi gbìyànjú: bàtà di àkísà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé inú ẹ̀. ₦19,500 ni mo ná sórí ohun tí mo fẹ́ fi ṣọ́wó ná, mo sì tún ra òmíràn.

Ìdí òwe yẹn ni mo wá padà sí. Ta ló ń sùn nínú ìtẹ́? Eku mà ni. Ara rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Kò sí eku tó ń tẹ́ ìtẹ́ sílẹ̀ de ara tó máa ní lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òtútù á bá a sùn, ejò náà á ráyè wọlé. Tó bá dọ̀rọ̀ bàtà, ẹsẹ̀ ọmọ ni eku. Èmi ti fi àpò mi ṣe eku, mo sì fi ẹsẹ̀ ọmọ ṣe koríko tí mo ń tẹ́. Àpò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, màá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń mú nọ́ńbà ló ti yẹ kó sọ ọ́.

Àwọn tó ń ṣe òdìkejì tèmi náà wà, àwọn tó ń jẹ́ kí ọmọ máa wọ bàtà ọdún tó kọjá tó ti há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ títí yóò fi ya. Tiwọn tún burú jù. Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan. Ti ọmọdé ò tíì gbó, òmíràn nínú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí eegun etí, wọn kì í sì í le tán títí ọmọ á fi sún mọ́ ogún ọdún. Rírọ̀ yẹn gan-an ni ewu ibẹ̀: bàtà lè máa ká ọmọ ìka pọ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má tíì dun ọmọ tó ohun tó ń ké sí. Ìgbà tí èékánná bá wọnú ẹran lẹ ó tó gbọ́ igbe.

Ìyá mi kì í mú ọmọ lọ sọ́jà torí bàtà. Á fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, á ní kó o dúró lórí sìmẹ́ńtì, á wọn ẹsẹ̀ rẹ láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka tó gùn jù, á ṣẹ́ ìyókù dànù. Etí ìró ló máa ń so ó mọ́ lọ sọ́jà, tó bá débẹ̀, á tì í bọnú bàtà. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò kóyán rẹ̀ kéré, èmi náà ti padà sídìí ẹ̀. Ibi tó kù sí ni pé ìgbálẹ̀ ò mọ ìbú. Ọmọ méjì lè ní gígùn ẹsẹ̀ kan náà, kí tọ̀kan rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀kọ̀, kí tèkejì fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ ò bá ní bá yín lọ, ẹ gbé e dúró lórí páálí, kẹ́ ẹ fi bírò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ po, kẹ́ ẹ gé e. Páálí tó bá ká etí nínú bàtà ti dá yín lóhùn.

Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọjọ́. Kí ọmọ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó máa fi lọ síkúù, kó dúró, kó má jókòó. Ẹ wọn méjèèjì. Ọ̀kan sábà máa ń gùn ju èkejì lọ díẹ̀, èyí tó gùn yẹn sì lẹ ó bá ra bàtà.

Ó wá ku àyè tó yẹ kó ṣẹ́ kù níwájú. Ìbú ìka kan ni, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, láàárín orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti imú bàtà. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú 31, 32, 33 tí à ń rà yìí ò ju mìlímítà 6 àti díẹ̀ lọ, ó ń lọ sí 7. Ọmọ pírámárì sábà máa ń kún nọ́ńbà kan lọ́dún, nígbà mìíràn kan àti ààbọ̀. Ẹ rí i pé àyè ìka kan yẹn ti gba nọ́ńbà kan àti ààbọ̀ sínú! "Kó lè pẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀" tí gbogbo wa ń wá kiri ọjà ti wà nínú bàtà tó bá a mu. Èmi tún lọ fi nọ́ńbà méjì lé e, ìyẹn ni àyè fi lé ní sẹ̀ǹtímítà méjì, tí ẹsẹ̀ fi ń wẹ̀ nínú bàtà.

Ọ̀rọ̀ àpò wá kàn. ₦50 lójúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ, ọjọ́ 30 lóṣù, oṣù 12, ₦18,000 ni. Alájọ á yọ tọjọ́ kan lóṣooṣù, ó ku ₦17,400. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án yìí kò ní mí kanlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀, ó kéré tán kò ní mí i tó tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ọjà dẹ̀ ní oṣù keje kẹ́ ẹ ra bàtà sílẹ̀ de ìwọlé o. Ẹsẹ̀ kì í gba họlidé. Ní ti tòkunbọ̀, mi ò lòdì sí i. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ọmọ, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ò jẹ sápá kan, tí inú rẹ̀ ò tíì mú àwòrán ẹsẹ̀ ọmọ mìíràn, ó sàn ju tuntun tó tóbi lọ. Bàtà Aba náà ń bẹ, ẹ ṣáà tẹ ìrán rẹ̀ wò.

Àwọn síkúù kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan lèèyàn ti gbọ́dọ̀ ra bàtà, iye tó wù wọ́n, nọ́ńbà tó kù nílẹ̀. Mo ti bá ọ̀kan fa ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa bá ọmọ wọ̀ ọ́ rìn ni?"

Nígbà tiwa, sáńdàlì Cortina aláwọ̀ búráùn ló gbòde, Bata ló ń tà á. (Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni Bata ti jí orúkọ: orúkọ ìdílé àwọn tó dá a sílẹ̀ ní ìlú Zlín ní 1894 ni, ó kàn ṣe kòńgẹ́ bàtà tiwa ni.) Ìdè sáńdàlì ṣeé fà ṣeé dẹ̀, ìyẹn ni mo fi gbà pé síkúù tó bá fàyè gba sáńdàlì ti ṣàánú òbí.

Bàtà tí mo rà lẹ́ẹ̀kejì, 33 ni, ìbú ìka kan ló kù níwájú ẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ọjọ́ náà ṣì wà lẹ́yìn dígí yàrá mi. Lánàá, lẹ́yìn tó wẹ̀ tán, mo ní kó gbẹ́sẹ̀ lé sìmẹ́ńtì, mo tẹ́ ìgbálẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti fi ìbú èékánná kan kọjá orí igi.