Ilojo Bar: ta ló fún katapílà láṣẹ?

Wọ́n ti ṣe é. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí gbogbo ìlú ń wá owó àgbò Iléyá, katapílà wọ gbàgede Tinúbú ní Erékùṣù Èkó, ó sọ Ilojo Bar, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àtijọ́ nì, di òkìtì bíríkì. Ọlidé ni ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó mú ọjọ́ náà mọ ohun tó ń ṣe.

Àtẹ̀jáde la ń kà látìgbà náà, oníkálukú sì ń yọ ọwọ́ tirẹ̀. Ìbéèrè tiwa kò pọ̀. Ilé tí ìjọba ti kéde ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956, kí òmìnira tó dé, báwo ni katapílà ṣe dé ìdí rẹ̀ láàárín gbùngbùn Èkó, tí ẹnikẹ́ni tó ń gba owó oṣù nítorí rẹ̀ kò dá a dúró? Katapílà kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sápò wọ ìlú.

Nǹkan bí ọdún 1855 ni àwọn Fernandez kọ́ ilé náà. Àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, ló kó irú iṣẹ́ yẹn bọ̀: bíríkìlà, káfíńtà, ọ̀lẹ kò sí nínú wọn. João Baptista da Costa tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, wà lára wọn. Ẹ rántí ẹnu ọ̀nà Ilojo tó tẹ̀ bí òṣùmàrè yẹn. Káfíńtà á kọ́kọ́ fi pákó gbé e ró. Bíríkìlà á máa to bíríkì bọ̀ lọ́tùn-ún lósì títí wọn á fi pàdé lókè, eyọ kan tó kẹ́yìn láàárín ló máa há gbogbo wọn mọ́ra. Tí wọ́n bá yọ pákó kúrò, ó dúró nìyẹn. Ti Ilojo dúró fún ohun tó lé ní 160 ọdún. Ní 1933 ni Alfred Ọmọ́lànà Ọláìyá rà á, ó sọ ọ́ di ilé ọtí òun oúnjẹ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

A ti kọ ọ́ lójú ewé yìí rí, a ó tún un kọ: ẹni tó bá kéde ilé onílé ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí kò fi kọ́bọ̀ tì í, ìyà ló fi jẹ onílé. Má wó o. Má yí i padà. Má kọ́ alájà mẹ́rin bíi ti aládùúgbò rẹ. Ó dáa, páànù tó ń jò ńkọ́? Ọmọ ń bí ọmọ nínú ẹbí, ilẹ̀ Tinúbú ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. A kò fi èyí dá ẹni tó pe katapílà láre o. Arúfin ni.

Kì í sì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street ti di Freedom Park láti 2010. Ẹgbẹ́ Legacy, àwọn tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tún Jaekel House ṣe nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Bí ọgbà ẹ̀wọ̀n bá rí olùtọ́jú, kí ni ilé àwọn Fernandez ṣẹ̀? Ní Salvador, ní Bahia, ní Brazil, àdúgbò Pelourinho tí irú ilé bẹ́ẹ̀ kún inú rẹ̀ ti wà nínú ìwé àjogúnbá àgbáyé UNESCO láti 1985. Àwọn èèyàn ń wọ bàálù lọ wò ó. Àwa ní tiwa, àtẹ̀jáde la ní. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa!

Kí ìjọba kéde orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ìbáà jẹ́ Àbújá, ìbáà jẹ́ Aláùsá, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Kí wọ́n wá wo Ilé Olómi (Water House), ilé àwọn Àgùdà mìíràn ní Kakawa, lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n gbé owó àtúnṣe dání, kí wọ́n fi kámẹ́rà sílé. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ sí pílánì kankan lórí ilẹ̀ Ilojo. Bí a bá rí ilé ìtajà alájà márùn-ún níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, a mọ ẹni tí a ó bi.