“Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Ni Kó Kọ́kọ́ Gbà Á”: A Ò Jàre

Ní ìdajì kejì ọdún 2021, nígbà tí ìjọba ti ṣí abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18, mo lọ tò níwájú ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Mushin. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo débẹ̀, nọ́ńbà 84 ni wọ́n kọ fún mi. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é l'Ékòó: ẹnì kan á fa ewé kan ya nínú ìwé ọmọ iléèwé, á máa kọ orúkọ, kó tó di aago méje bébà yẹn ti di òfin.

Ó ti lé ní aago mọ́kànlá kí màmá kan tó dé. Èlùbọ́ ló ń tà, ó ṣì lẹ̀ mọ́ etí ìró rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ó di káàdì ilé ìwòsàn àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sínú ọ̀rá kan náà. Ó ní òun ò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ torí ìgbà yẹn làwọn oníbàárà ń wá. Wọ́n kọ ọ́ sí nọ́ńbà 112. Nọ́ọ̀sì tó jáde wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó dì í lápá mú: “Màmá, ẹ máa bọ̀ níwájú.” Ni ariwo bá ta. “Nọ́ọ̀sì, kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ gbà á! Ṣé àwa ò níṣẹ́ ni?”

Èmi náà wà lára àwọn tó pariwo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, mo sì ti rí i pé a ò jàre.

Ohun tó jẹ́ ká gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ yé mi dáadáa. L'Ékòó, ìlà ni ohun kan ṣoṣo tó ń gba tálákà lọ́wọ́ ẹni tó mọ ènìyàn. Nílé epo, ní báńkì, ní ibùdókọ̀, ẹni tó bá já ìlà, olówó ni tàbí ẹ̀gbọ́n ọ̀gá. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ṣọ́ ìlà bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó pẹ́ dé ilé epo, kẹrosíìnì nìkan ni kò rí rà, á wá padà lọ́la. Àrùn ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 25 tó kó Kòrónà, lọ́pọ̀ ìgbà ara rẹ̀ á gbóná, á wúkọ́, á sì dìde. Ẹni àádọ́rin ọdún tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ewu ikú tirẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ti ọmọ yẹn lọ. Ìlà ò mọ ìyẹn. Ẹni tó ráyè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí ilé rẹ̀ sún mọ́ tòsí nìkan ló mọ̀. Ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ náà, ìlà ni, àwa tá a ní fóònù àti dátà la sì ti tò síwájú kí ẹlẹ́lùbọ́ tó gbọ́ rárá.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe kéré tó. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni abẹ́rẹ́ AstraZeneca bíi mílíọ̀nù 3.92 balẹ̀ sí Àbújá láti ọwọ́ COVAX, ètò àgbáyé tó ń pín abẹ́rẹ́ Kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè. Èyí tó kan Èkó nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 507,000. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹnì kan máa gbà á, nítorí náà kò tó ènìyàn 260,000 tó lè kárí, nínú ìpínlẹ̀ tí èrò rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 15. Ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún kò pé. Íńdíà tó ń ṣe é tún dá títà rẹ̀ sókè òkun dúró, torí Kòrónà ti gbòde kan lọ́dọ̀ wọn, ni wọ́n bá ní kí àwọn ìpínlẹ̀ dúró tí wọ́n bá ti lo ìdajì, kí àwọn tó ti gba ìkíní lè rí ìkejì gbà. Ẹni tí kò bá kàn nígbà yẹn, oṣù mélòó kan ló fi dúró.

Ètò tí ìjọba là sílẹ̀ lè yé ọmọdé: òṣìṣẹ́ ìlera ṣáájú, lẹ́yìn náà àwọn tó ti lé ní 50, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ọdún 18 sí 49 tó ní àìsàn lára, ká tó kan àwa yòókù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Yaba, gbogbo ènìyàn ládùúgbò wa ló ń pa òwe: bí iná bá jóni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Wọ́n ní àwọn dókítà ti pín in fún ara wọn.

Ṣé a ti gbàgbé Ebola ni? Oṣù Keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer gbé e wọ Èkó láti Làìbéríà, ilé ìwòsàn kan ní Obalende ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kó jáde lọ sáàárín ìlú. Àìsàn náà mú dókítà náà fúnra rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Àwọn mìíràn tó tọ́jú ọkùnrin náà kú pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan ò sí fún wọn nígbà yẹn. Bí nọ́ọ̀sì bá dùbúlẹ̀, gbogbo bẹ́ẹ̀dì tó ń tọ́jú ló pàdánù olùtọ́jú. Lójú tèmi, ìyá tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù yẹ kó ṣáájú ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kàwé nínú ilé rẹ̀. Ààrẹ Buhari àti igbákejì rẹ̀ tètè gbà á lójú tẹlifíṣọ̀n kí ọkàn aráàlú lè balẹ̀, mi ò bá wọn jà. Kí ìyàwó, ọmọ àti dírẹ́bà ọ̀gá kan tún wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ìyẹn ni mi ò gbà.

Nílẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti fi hàn pé bá a ṣe pín in ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Ní ìparí ọdún 1966, àrùn olóde, ìyẹn ṣọ̀pọ̀ná, ń jà ní agbègbè Ogoja, abẹ́rẹ́ ò sì kárí. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ dé. Wọ́n fi rédíò bá àwọn míṣọ́nnárì sọ̀rọ̀ láti mọ abúlé tí olóde wà gan-an, wọ́n gún gbogbo ẹni tó yí aláìsàn ká, wọ́n tún gún àwọn tó wà níbi tí àìsàn náà lè gbà lọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n gún, olóde sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ọgbọ́n yẹn ni gbogbo ayé wá gbà lò, tó fi di pé ní ọdún 1980 wọ́n kéde pé olóde ti tán láyé.

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: àwọn kan ní ọ̀dọ́ ló yẹ kó ṣáájú, torí kọ̀ńdọ́ danfo ló ń kó àrùn kiri, kì í ṣe bàbá tó jókòó sílé. Ohun tí Indonesia fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ ọdún 18 sí 59. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú arúgbó ṣáájú. Margaret Keenan, ẹni 90 ọdún, ló kọ́kọ́ gbà á lọ́dọ̀ wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo fara mọ́, torí nígbà yẹn, ohun tó dájú jù nípa abẹ́rẹ́ náà ni pé kì í sábà jẹ́ kí àìsàn náà le débi ikú. Ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó ní kí ẹni tó tètè jí máa bọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni màmá ẹlẹ́lùbọ́ lò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo wo aago mi, torí inú ń bí mi. Ká ní ó dúró de nọ́ńbà 112, ì bá ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ láìgbà á, torí nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, ó ti rẹ ọ̀pọ̀ wa, ìlà ti túká.

Aago mẹ́ta kọjá kó tó kàn mí. Wọ́n ní kí n jókòó díẹ̀ kí wọ́n wo bó ṣe máa ṣe mí, ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ pé ìgò kan ṣì ku ti ẹni mẹ́ta. Ti ẹni mẹ́wàá ló ń wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá sì ti ṣí i, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí mẹ́fà. Dídànù ló kàn. Ó jáde sí ẹ̀bá títì, ó na ọwọ́ sí oníkẹ̀kẹ́ tó ń wá èrò. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gba abẹ́rẹ́ Kòrónà? Ẹ wọlé, kí èyí má bàa ṣòfò.” Ọkùnrin náà pa kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó tẹ̀ lé e wọlé.