Àtẹ́lẹwọ́ bàbá yẹn

Mo tún wo fíìmù Umberto D. lálẹ́ àná, oorun kò sì kùn mí lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 1952 ló jáde ní Ítálì, Vittorio De Sica ló darí rẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni ìtàn náà dá lé. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó nǹkan, ó jẹ gbèsè owó ilé 15,000 líírà, obìnrin tó ń gba owó yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti pinnu láti lé e jáde. Kò láya, kò bímọ. Ajá kékeré kan tó ń jẹ́ Flike nìkan ló ní.

Ibi tó máa ń mú omi bọ́ lójú mi ni ibi tí bàbá ti fẹ́ ṣagbe nítòsí Pantheon, tẹ́ḿpìlì àtijọ́ kan ní Róòmù. Ó na ọwọ́ díẹ̀, ó fà á padà, ó tún nà án. Ọkùnrin kan dúró, ó fẹ́ fún un lówó. Kíá ni bàbá yí àtẹ́lẹwọ́ dé, ó gbójú sókè bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò ti ń kán. Ẹni tó bá mọ̀ pé ikú yá ju ẹ̀sín kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún òun. Lẹ́yìn náà ló fi fìlà rẹ̀ sí ajá lẹ́nu kó máa bá òun ṣe agbe, òun fúnra rẹ̀ sá pamọ́. Àfi bí ojúlùmọ̀ kan ṣe yọ! Bàbá sáré jáde, ó ní ajá ń ṣeré ni.

Àwọn kan ń pè é ní fíìmù òṣì. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Òṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa bàbá yìí ni pé gbogbo ẹni tó bá kí ló ń kánjú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ kan ìṣòro rẹ̀, bọ́ọ̀sì ti dé nìyẹn, ó dàbọ̀. Maria, ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé náà, nìkan ló ń fetí sí i, òun alára sì ti lóyún, ó mọ̀ pé wọn yóò lé òun. Giulio Andreotti tó wà nínú ìjọba nígbà náà bínú sí fíìmù yìí pé ó ba Ítálì lórúkọ jẹ́. Ó dùn mí pé orúkọ ìlú ló ká a lára.

Carlo Battisti tó ṣe bàbá yìí kì í ṣe òṣèré rárá, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ èdè ni. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sunkún ju bó ṣe yẹ lọ. Kò ṣe bí ẹni tó fẹ́ kí a ṣàánú òun.

Ní ìparí, ó gbé Flike mọ́ra lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, kí àwọn méjèèjì jọ kú. Ajá já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sá lọ. Nígbà tí bàbá pè é, kò dáhùn, ẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ ti ń bà á. Bàbá wá mú èso igi gbígbẹ kan nílẹ̀, ó nà án sí i. Ọwọ́ tí kò lè tọrọ lọ́wọ́ ènìyàn ló fi ń bẹ ajá yẹn.