Jackie Robinson kọ́ ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú líìgì ńlá baseball

Bí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin bá ti pé lọ́dọọdún, gbogbo àwọn tó ń gbá baseball nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà máa ń wọ aṣọ tí wọ́n kọ 42 sí lẹ́yìn, nọ́ńbà Jackie Robinson. Ọlá yẹn tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan máa ń bá ọlá náà rìn, tí kálukú sì ti gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò: pé Robinson ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa wọ pápá Ebbets Field ní Brooklyn lọ́dún 1947, ó ti pé ọdún 63 tí Moses Fleetwood Walker ti ṣe é.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Ohio ni Walker. Ó ka ìwé ní Oberlin College, ó sì tún lọ sí Yunifásítì Michigan. Iṣẹ́ tó yàn láàyò lórí pápá ni ti ahánbọ́ọ̀lù, ẹni tó ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó di igi mú, tó ń hán gbogbo bọ́ọ̀lù tí igi kò bá bà. Lọ́dún 1883 ó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Toledo Blue Stockings, wọ́n sì gba ipò kìíní nínú líìgì kékeré tí wọ́n wà. Ní 1884, American Association, tó jẹ́ líìgì ńlá nígbà náà, gba Toledo wọlé, Walker sì bá wọn wọlé. Ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 1884, ní Louisville, ló gbá eré àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Eré 42 ló gbá ní sáà yẹn. Nínú ìgbà 152 tí wọ́n kà sí i lọ́rùn pé ó di igi mú, ogójì ló gbá a tó fi dé ibùdó, ìyẹn ìwọ̀n gbígbá .263 (40 tí a fi 152 pín). Weldy àbúrò rẹ̀ náà gbá eré márùn-ún fún ẹgbẹ́ kan náà. Nítorí náà, àní ẹni kejì gan-an ti wà kí wọ́n tó bí Robinson ní 1919.

Ẹ má fi ojú ahánbọ́ọ̀lù òde òní wo iṣẹ́ Walker. Ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń hán bọ́ọ̀lù nígbà náà, tàbí kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gé orí ìka rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 50 péré ni ajubọ́ọ̀lù fi jìnnà. Ti òní jẹ́ 60 pẹ̀lú ínṣì 6. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi gbọ́dọ̀ ní àmì láàárín ara wọn. Bí ọwọ́ bá ti múra de bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ tààrà, tí èyí tó dé wá jẹ́ èyí tó ń kọrí síbòmíràn lójijì, orí ìka ni yóò bà dípò àtẹ́lẹwọ́, ìka yóò sì ṣẹ́. Tony Mullane, ògbóǹtarìgì ajubọ́ọ̀lù Toledo, jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé nínú gbogbo ahánbọ́ọ̀lù tí òun bá ṣiṣẹ́, kò sí èyí tó dáa tó Walker, ṣùgbọ́n nítorí pé òun ò fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú, òun kì í wo àmì rẹ̀. Èyí tó bá wu òun lòun ń jù sí i. Láìmọ èyí tó ń bọ̀ ni Walker ṣe ń hán an. Bọ́ọ̀lù kan ṣẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà. Nínú oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ Charlie Morton, máníjà Toledo, láti Richmond ní Virginia, pé ọkùnrin 75 ti múra tán láti ya bo Walker bó bá wọ aṣọ eré nílùú àwọn. Kí ẹgbẹ́ tó dé Richmond, wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀ nítorí ìpalára.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí Walker bá tilẹ̀ wà, ṣèèṣì ni, pé ayé ìgbà náà kò fàyè gba dúdú. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1883. Cap Anson, olórí ẹgbẹ́ Chicago, dé Toledo fún eré ọ̀rẹ́, ó ní òun ò ní gbá a bí Walker bá wà lórí pápá. Ọwọ́ ń dun Walker lọ́jọ́ náà, Morton kò sì fẹ́ lò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Anson sọ, ó ní kí Walker wọṣọ, ó sì jẹ́ kó yé Anson pé bí kò bá gbá a, kò ní rí nínú owó géètì. Anson gbá a. Àyè wà nígbà náà, àwọn tó ń dí i ló wà pẹ̀lú.

Ọjọ́ tí wọ́n dí i, a mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 14 oṣù keje 1887 ni. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Chicago ti Anson ní eré ọ̀rẹ́ pẹ̀lú Newark, níbi tí Walker ti ń hán bọ́ọ̀lù fún George Stovey, ajubọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú tó gba ìṣẹ́gun tó lé ní 30 lọ́dún náà. Wọn ò jẹ́ kí Stovey jáde. Àwọn alákòóso International League, líìgì kékeré tí Newark wà, sì dìbò, 6 sí 4, pé àwọn ò ní fọwọ́ sí ìwé àdéhùn aláwọ̀ dúdú mìíràn mọ́. Walker ṣì gbá bọ́ọ̀lù fún Syracuse títí di 1889. Lẹ́yìn rẹ̀, ó parí.

Nínú àwọn líìgì ńlá, wọn ò tilẹ̀ kọ nǹkan kan sílẹ̀. Àdéhùn abẹ́lẹ̀ ni, kálukú àwọn tó ni ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní 1942, Kenesaw Mountain Landis tó jẹ́ kọmíṣọ́nà, olórí àwọn líìgì ńlá, sọ ní gbangba pé kò sí òfin kankan tó ní kí ẹgbẹ́ má gba aláwọ̀ dúdú. Lóòótọ́, kò sí. Agbára rẹ̀ nìyẹn: ohun tí kò sí nínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n fagi lé e.

Ẹnì kan tún wà tó ṣáájú Walker. William Edward White, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Brown, gbá eré kan ṣoṣo fún Providence Grays ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1879. Òyìnbó tó ní ẹrú ní Georgia ni bàbá rẹ̀, ẹrú sì ni ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó ló ṣe gbé láwùjọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìkànìyàn 1880. Ní tiwa, Walker la kà sí ẹni àkọ́kọ́, torí òun ni gbogbo pápá mọ̀ sí dúdú, òun sì ni wọ́n torí rẹ̀ hàlẹ̀.

Kí wá ni Robinson ṣe? Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ló ṣí, iṣẹ́ ńlá sì ni. Inú International League yẹn gan-an ni Branch Rickey, tó ń darí ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers, kọ́kọ́ fi í sí, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Montreal. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1946, ní Jersey City, nínú ìgbà márùn-ún tó di igi mú, mẹ́rin ló gbá dáadáa. Ní 1947 ó gbé .297, ó jí ibùdó 29, wọ́n sì fi í ṣe ẹni tuntun tó tayọ jù lọ́dún náà. Larry Doby tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹgbẹ́ Cleveland ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún yẹn. Síbẹ̀ Boston Red Sox kò lo aláwọ̀ dúdú kankan títí di 1959, nígbà tí wọ́n mú Pumpsie Green wọlé.

Ohun tó kù ni ti àwọn Negro Leagues, àwọn líìgì tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń gbá tiwọn, tí Rube Foster dá àkọ́kọ́ nínú wọn sílẹ̀ ní Kansas City ní 1920. Ní oṣù kejìlá 2020, àjọ Major League Baseball kéde pé líìgì ńlá ni méje nínú wọn, láti 1920 dé 1948. Nígbà tí wọ́n ro àkọsílẹ̀ wọn pọ̀ ní 2024, Josh Gibson, tí kò gbá eré kan rí nínú líìgì àwọn òyìnbó, bọ́ sí ipò kìíní nínú ìwọ̀n gbígbá láàárín gbogbo àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú .372. Ti Robinson náà yí padà. Kansas City Monarchs ló gbá fún ní 1945, wọ́n sì ro 49 tó gbá dáadáa níbẹ̀ mọ́ 1,518 tó ní tẹ́lẹ̀. Ó di 1,567. Gẹ́gẹ́ bí ìwé àkọsílẹ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀, Robinson pàápàá ti gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá ní ọdún méjì ṣáájú kó tó wọ Ebbets Field.