Ọmọ mi, tábìlì Yorùbá, àti àsíá tí wọ́n gbé lé e

Ìyá Kémi, Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. A ti dé Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa, láti ìjẹta fún vakáǹsì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé Geneva lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà làwọn ọmọ sì ti ń lọ sílé-ìwé, irú èyí tó jẹ́ pé ọmọ gbogbo orílẹ̀-èdè ló wà níbẹ̀, bí wọ́n bá pe ogún ọmọ jọ nínú kíláàsì, èdè tí wọ́n ń sọ nílé á lé ní mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù kejì, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Gbogbo ọjọ́ 21 oṣù kejì ni wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ èdè abínibí. Òbí á gbé oúnjẹ wá, ọmọ á wọ aṣọ ìlú ẹ̀, á dúró nídìí tábìlì èdè ẹ̀, á kọ gbólóhùn kan tàbí méjì sórí káàdì, á sì kà á fáwọn tó bá ń kọjá. Ìyá kan tó wá láti Nàìjíríà ló ṣètò tábìlì Yorùbá, ó wá gbé àsíá Nàìjíríà lé e. Ọmọ mi lọ dúró síbẹ̀, torí Yorùbá là ń sọ nílé, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó rí ọmọ ẹ̀ lábẹ́ àsíá ìlú onílùú, ojú ẹ̀ yí padà, ó fà á lọ́wọ́, ó mú un lọ sídìí tábìlì Faransé.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Màmá mi ló kọ́ ọmọ náà lóhun tó kọ sórí káàdì, lórí WhatsApp, lálaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, màmá mi tó dàgbà kó tó kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àwọn àgbà níbí. Ọmọ kọ ọ́ pé "Ɛ kpɛ̀lɛ́ o, Àjàshɛ́ ni ìyá mi ti wá." Ìyá yẹn mú bírò pupa, ó fa ìlà lórí kp, ó kọ p sókè ẹ̀, ó sọ ɛ di ẹ, ó ní ta ló kọ́ ẹ ní irú èyí, Yorùbá kọ́ nìyí o. Ọmọ ò ka káàdì náà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ká a sí méjì, ó tì í bọ àpò kóòtù ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí i nígbà tí mo fẹ́ fọ kóòtù.

Oṣù kẹsàn-án la máa padà. Ní ọdún tó ń bọ̀, ibo ni kọ́mọ mi dúró sí? Ṣé kí n kọ lẹ́tà sílé-ìwé ni àbí kí n gbẹ́nu dákẹ́?

Ọmọ Alákétu
Tàntí, ẹ káàbọ̀ o. Inú bí mi bí mo ṣe ń kà á. Ta ló sọ fún wọn pé Nàìjíríà nìkan ló ni Yorùbá? Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò, wọ́n fa ìlà kọjá lórí ilẹ̀ wa, kò sẹ́ni tó bi wá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó wà lábẹ́ Alákétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá sí Akaba Ìdèná kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i, ẹnu ibodè ìlú wa, kí wọ́n tó rán aṣọ àsíá kankan, àwọn baba wa ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Àsíá Nàìjíríà yẹn, 1960 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sókè. Ẹ kọ lẹ́tà náà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ kó gbóná!

Bàbá Ìbejì
Ọmọ Alákétu, rọra. Ìyá tẹ́ ẹ ń bá wí yìí ló jí láàárọ̀, tó dáná, tó ru ẹrù lọ sílé-ìwé, tó tẹ́ tábìlì. Ká ní kò ṣe é ńkọ́? Kò ní sí Yorùbá rárá nínú gbọ̀ngàn yẹn lọ́jọ́ náà. Tàntí, ẹ má bínú sí mi o, àwa ará Bẹ̀nẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí la gbé wá?

Ohun tí ọkọ yín ṣe gan-an ló dùn mí jù ọ̀rọ̀ àsíá lọ. Ó fa ọmọ kúrò nídìí èdè ìyá ẹ̀, ó wá lọ fi í sídìí èdè àwọn tó gbà wá nílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rí ìyẹn, kò ní gbàgbé ẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ìyá Kémi, Àjàṣẹ́
Bọ̀ọ̀dá, mo gba èyí tẹ́ ẹ sọ lórí oúnjẹ. Àkàrà ni mo dín, mi ò sì tètè dé, nígbà tí mo máa fi dé, ìdí tábìlì Faransé ni mo bá ọmọ, ibẹ̀ náà ni mo gbé àkàrà mi sí. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ọkọ mi lẹ́bi púpọ̀. Láti ọjọ́ tá a ti dé ìlú yẹn, bó bá ti ní Bẹ̀nẹ̀ lòun ti wá, wọ́n á ní ṣé Benin City ni, á ní rárá, Bẹ̀nẹ̀ tí olú ìlú ẹ̀ ń jẹ́ Porto-Novo, wọ́n á ní àá, lápá Nàìjíríà níbẹ̀ yẹn. Ó ti sú u. Ọjọ́ yẹn ló kàn bú jáde.

Aláṣọ Wàǹdó
Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan Ìyá Kémi. Tábìlì Faransé tẹ́ ẹ gbé àkàrà sí, àsíá wo ló wà lórí ẹ̀?

Ìyá Kémi, Àjàṣẹ́
Ó pọ̀ o. Ti Faransé, ti Swítsáláǹdì, ti Bẹ́ljíọ̀mù, ti Kánádà, tiwa náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Aláṣọ Wàǹdó
Ẹ ti rí i! Èdè Faransé lè ní àsíá márùn-ún, kò sẹ́ni tó ní ẹyọ kan ló ni ín. Swítsáláǹdì fúnra ẹ̀, èdè mẹ́rin ni wọ́n ní, Jámánì, Faransé, Itálíà àti Romansh, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè mú ọmọ wọn tó ń sọ èdè Jámánì kó ní kó lọ dúró lábẹ́ àsíá ìlú Jámánì. Ó wá kan Yorùbá ó di ti ẹnìkan ṣoṣo. Kì í ṣe pé kí wọ́n gbé ti Nàìjíríà kúrò o, kí wọ́n gbé tiwa náà wá síbẹ̀, pupa, yẹ́lò, ewé, kó fẹ̀gbẹ́ kan tèkejì. Àsíá tó wà lórí tábìlì Faransé yẹn, ṣé kò lè rìn dé orí tábìlì Yorùbá ni?

Ọmọ Ìgboro
Ẹ má bínú o ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yìí ti ń pọ̀ jù. Ọmọ yẹn wà níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń wá tí wọn ò rí. Kó mọ Faransé, kó mọ Gẹ̀ẹ́sì, kó jáde kó rí iṣẹ́. Yorùbá, kó máa sọ ọ́ nílé pẹ̀lú ìyá ẹ̀. Kí ló kan ilé-ìwé níbẹ̀? Lẹ́tà kp tàbí p, èwo ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ níbi iṣẹ́?

Tísà Ṣábẹ̀ẹ́
Àbúrò mi Ọmọ Ìgboro, mo gbọ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó kan ilé-ìwé gan-an. Ìdánwò IB, ìyẹn International Baccalaureate, tí ọ̀pọ̀ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe, Geneva yẹn gan-an ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1968. Nínú ètò wọn, ọmọ tó bá wà ní ọdún méjì tó kẹ́yìn, tí ilé-ìwé ò bá ní olùkọ́ èdè ẹ̀, wọ́n lè jẹ́ kó ka lítíréṣọ̀ èdè abínibí ẹ̀ fúnra ẹ̀, kí ilé-ìwé máa ṣe alábòójútó ẹ̀. Tàntí ní láti tètè béèrè nípa ìyẹn, kó má dúró dìgbà tó bá ku oṣù méjì.

Ọ̀rọ̀ kp wá kù, iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ Yorùbá sílẹ̀ lápá Nàìjíríà, àwọn oníwàásù àti àwọn ènìyàn bíi Ajayi Crowther, wọ́n fi àmì sábẹ́ e, o àti s, wọ́n sì fẹnu kò lórí ẹ̀ l'Ékòó ní 1875. Tiwa, 1975 ni ìjọba ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún gbogbo èdè ilẹ̀ wa, Fọ̀n, Ègùn, Bààtọ̀nú, Yorùbá, kí ẹni tó bá mọ ọ̀kan lè ka èkejì. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ɛ, ɔ, sh àti kp. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ wo kp gan-an, ẹ fún ọmọ Faransé ní "pẹ̀lẹ́" kó kà á, p inú "papa" ló máa pè. Ẹ fún un ní "kpɛ̀lɛ́", á gbìyànjú láti pè é bó ṣe yẹ. Màmá Tàntí kọ́ ọmọ-ọmọ ẹ̀ bó ṣe tọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 21 oṣù kejì yẹn náà, UNESCO ló yàn án ní 1999, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n yìnbọn pa ní Dhaka ní 1952 torí èdè Bengali. Èdè Bengali náà, ìlà ló là á láàárín, apá kan wà ní Bangladesh, apá kan wà ní Íńdíà, lápá Kolkata. Ẹ wá wò ó, ọjọ́ èdè tí ààlà pín sí méjì náà ni wọ́n fi lé ọmọ wa kúrò nídìí tiẹ̀.

Ará Ìmẹ̀kọ
Ẹ kú ìjókòó o. Láti òdìkejì ni mo ti ń kọ̀wé, tísà lèmi náà. Mo fẹ́ sọ òótọ́, bí ọmọ bá kọ "kpɛ̀lɛ́" wá fún mi, bírò pupa lèmi náà máa mú. Wọn ò kọ́ wa pé ẹ̀yin ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìyá ìyá mi, Kétu ni wọ́n ti gbé e níyàwó. Torí náà ẹ má pe obìnrin yẹn ní ìkà, kò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan fún Tísà: ìwé tó pọ̀ jù lọ tọ́mọ máa rí kà, ìwé ìtàn, Bíbélì, ewì, ẹ ọ ṣ ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ọmọ tó bá mọ ti Bẹ̀nẹ̀ nìkan, ilẹ̀kùn yẹn á tì mọ́ ọn. Ẹ kọ́ ọ ní tiwa náà.

Ọmọ Alákétu
Àwa la máa ń kọ́ tiyín. Ìgbà wo lẹ̀yin máa kọ́ tiwa? Ẹ dáhùn ìyẹn ná.

Ará Ìmẹ̀kọ
Mo gbọ́. Mi ò lè jiyàn ìyẹn. Ẹ fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi, ma bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíláàsì tèmi.

Bàbá Ìbejì
Ìyá Kémi, ọmọ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Láti àárọ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, ẹnìkan ò bi í. Kí ló sọ?

Ìyá Kémi, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn tá a délé, kò jẹun, ó wá bá mi ní kíṣìnì ó ní "Màmá, ṣé Màmá Àgbà ò mọ̀wé ni?" Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta gbé sìléètì lọ sí kíláàsì lẹ́yìn ọjà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ara ẹ̀ lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Mo ní ó mọ̀wé. Ó ní kí ló dé tí wọ́n fi fi pupa sí i nígbà náà. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n wá kọ nǹkan síbí, kì í ṣe àsíá.

Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú káàdì náà fún màmá mi. Wọ́n wọ awò, wọ́n gbé ìka sábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, nígbà tí wọ́n dé ibi pupa, wọ́n dúró. Wọ́n ò bínú. Wọ́n ní kí ọmọ mú péńsù wá, wọ́n kọ "kpɛ̀lɛ́" sí ẹ̀yìn káàdì, wọ́n kọ "pẹ̀lẹ́" sísàlẹ̀ ẹ̀, lẹ́tà tínńtín tó ń gbọ̀n, wọ́n ní kó kà wọ́n. Ó ka àkọ́kọ́, ó ka èkejì. Wọ́n ní èwo ló yàtọ̀ létí ẹ? Ó ní kò sí. Wọ́n ní ó dáa, lọ mú omi wá fún mi.

Aláṣọ Wàǹdó
Ojú mi ti kún fún omi nínú ọjà níbí. Ọlọ́run á dá màmá sí fún wa.

Ọmọ Ìgboro
Tàntí, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ibi tó dé nìyẹn. Mo ṣì rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló máa gbé e dé ibi tó ń lọ o, ṣùgbọ́n ti màmá yẹn, ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì
Ẹ máà kọ lẹ́tà gbígbóná kankan. Obìnrin yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ fi káàdì hàn án, iwájú àti ẹ̀yìn. Bẹ́ ẹ bá lọ bá ọ̀gá lọ́kọ̀ọ́kan, òyìnbó á wò yín bí ẹni tó ń jà sí tábìlì kan, wọ́n lè ní kí tábìlì náà máà wáyé mọ́ rárá.

Ọmọ Alákétu
Èmi ṣì ní kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀ tán. Kí ó wà nínú fáìlì wọn pé Yorùbá wà ní Bẹ̀nẹ̀.

Tísà Ṣábẹ̀ẹ́
Mo ní ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kan níbí tá a fi ń kọ́ àwọn àgbà, ó ku ẹ̀dà mélòó kan. Tàntí, ẹni wa kan ń bọ̀ lápá Àjàṣẹ́ ní Sátidé, ma fi mẹ́ta rán an, ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún ìyá yẹn ní Geneva, ọ̀kan fún Ará Ìmẹ̀kọ tó bá lè rí ẹni bá a gbà á.

Ìyá Kémi, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé gan-an Tísà. Kó já wọn sọ́dọ̀ Aláṣọ Wàǹdó, ma wá gbà á níbẹ̀, mo kúkú ń bọ̀ wá ra aṣọ. Ọmọbìnrin obìnrin yẹn àti ọmọ mi, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, mo fẹ́ ra ankárá kan náà fún àwọn méjèèjì. Ìyá Aláṣọ, ẹ bá mi gé yáàdì mẹ́fà sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó ní ewé nínú jù. Bàbá wọn ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ó ní kí n kí Bàbá Ìbejì, pé òun gbọ́.